Ọjọ́ kan ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn mi, ojoojúmọ́ ni mo ń tọ́jú rẹ̀

Ìwé kékeré kan wà tí mo fi kọ́ ìṣó nínú búkà mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìjábẹ̀ àti omorógùn wà. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń rò pé ìwé gbèsè ni. Àwọn tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé kò sí gbèsè ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, iye tí àyẹ̀wò náà gbé jáde, àti bí dókítà ṣe ní kí n máa lo oògùn títí n ó fi padà wá, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìwé kẹrin rèé. Ọdún 2017 ni mo bẹ̀rẹ̀ èkíní, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n la àyà mi, tí wọ́n yọ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn mi tó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, orí ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ṣé màá jí? Ta ni yóò fún mi lẹ́jẹ̀? Níbo la ti máa rówó? Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ọdún kejì, ká má tíì sọ ọdún kẹjọ. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Òmù-Àrán ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 10, ọ̀fun dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá ìyá mi po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún mi láti fi yọ́ ọ̀fun, ó sì lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà tí orúnkún mi ọ̀tún wú, tó gbóná bí ẹni pé wọ́n yan án lórí iná. Bí ìyẹn ṣe ń rọlẹ̀ ni ọrùn ẹsẹ̀ òsì gbà á, lẹ́yìn náà ìgbọ̀nwọ́. Ìrora yẹn ń ṣí kiri lára mi bí ayálégbé tí kò rí ilé tó wù ú. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Ìyá mi àgbà ń fi àdí pa mí lára, ó ń tún un sọ pé, “Làkúrègbé wo ló ń ṣe ọmọ tí kò tíì gbọ́n yìí?” Ìbéèrè gidi ló bi. Kò kàn sẹ́ni tó lè dá a lóhùn nínú ilé wa. Nígbà tó yá, ìrora lọ, mo padà sílé ìwé, a gbàgbé rẹ̀.

Ọdún 2013 ni mo lóyún ìbejì. Oyún àkọ́bí mi kò yọ mí lẹ́nu, àmọ́ nígbà tí ti ìbejì wọ oṣù kẹfà, mi ò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà dé etí kànga kí n má dúró mí. Gbogbo èèyàn ní ẹrù méjì ló wọ̀ mí lọ́rùn. Mo bí wọn tán, èémí kò padà. Ìrọ̀rí kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Bí mo bá sùn gbalaja, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé omi ń kún mi láyà, màá fò dìde lọ sẹ́nu fèrèsé. Ikọ́ òru bẹ̀rẹ̀. Nídìí ìkòkò àmàlà, èmi tí mo máa ń ro kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ń kò ní sinmi, àyà mi á máa lù kìkìkì, yóò yára, yóò fà, kò ní bára mu, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń kọ́ ìlù.

Àwọn kan ní májèlé ni. Àwọn kan ní ẹnìkan ń jowú ọjà mi. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí à ń lọ nígbà yẹn ní ásímà ni, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo sì fi fín oògùn ásímà sẹ́nu. Ó ń dùn mí dòní olónìí, torí pé ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ìgbà kan tí wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ kí wọ́n gbọ́ àyà mi dáadáa.

Dókítà tó gbọ́ ọ, ọmọdébìnrin àgùnbánirọ̀ ni, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan tí mo gbé Táyé lọ nítorí ibà. Ọmọ ni mo gbé wá, èmi ló ń wò. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin náà ò mí dáadáa.” Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n wá fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sábẹ́ ọmú mi, ó dijú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ǹjẹ́ oríkèé yín ti wú rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kó máa bọ́ láti ibì kan síbì kan?” Òógùn bò mí. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí nínú gbogbo Ìlọrin, àní Baba Ìbejì pàápàá.

Ó kọ̀wé fún mi lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ohun kan tó ń yọ̀ bí ewédú, tó sì tutù, pa mí láyà, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Dókítà ibẹ̀ yí i sí mi kí èmi náà lè rí i. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn èèyàn, tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú kó má padà sẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ni tèmi tó bàjẹ́. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6 níbùú lóròó. Tèmi kò tó 1. Ó ti nípọn, ó ti le, awẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, kò lè ṣí tán, kò sì lè pa dé tán. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà kọjá ló ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Omi tí mò ń sọ pé ó ń kún mi láyà lóru, òótọ́ ni.

Ó wá so ó pọ̀ mọ́ Òmù-Àrán. Kòkòrò kan wà tó ń fa ọ̀fun dídùn, orúkọ rẹ̀ ni streptococcus. Bí a kò bá fi oògùn pa á, àwọn ọmọ ogun tí ara gbé dìde láti bá a jà lè ṣìnà, kí wọ́n máa bá oríkèé àti ọkàn ẹni jà. Oríkèé á san láìsí àpá. Ilẹ̀kùn ọkàn ló ń gba àpá, àpá yẹn a sì máa le sí i lọ́dọọdún títí dìgbà tí nǹkan bí oyún bá dé, tí ọkàn ní láti ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó sójú ibẹ̀, mò ń rántí ìyá mi àgbà àti àdí rẹ̀.

Àwọn aláìsàn mìíràn wà tí wọ́n lè ti bàlúùnù kékeré bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ itan wọn dé ọkàn, kí wọ́n fẹ́ ẹ láti la ilẹ̀kùn náà láìla àyà. Wọ́n ní tèmi ti le kọjá ìyẹn, ó sì tún ń jò. Wọ́n máa yọ ọ́ ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ nílé, àbúrò bàbá mi ní wọn kì í ṣe irú ẹ̀ ní Nàìjíríà, pé a fẹ́ lọ kú síbi tí kò sí iná. Dókítà náà ló fún mi ní èsì tí mo gbé padà fún wọn: láti 1974 ni wọ́n ti ṣí ọkàn èèyàn ṣiṣẹ́ abẹ ní Enugu, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu wà níbẹ̀, tí Magdi Yacoub, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọkàn láti London, sì wá bá wọn ṣe é. Ilẹ̀kùn àtọwọ́dá fúnra rẹ̀, ọdún tí a gba òmìnira, 1960, ni dókítà Albert Starr ti fi irú rẹ̀ síbi tó bàjẹ́ lára tèmi gan-an fún ẹnìkan ní Amẹ́ríkà tí ẹni náà sì yè. Bọ́ọ̀lù kékeré inú àgò ni wọ́n lò nígbà náà. Àbúrò bàbá mi dákẹ́, ó sì wà lára àwọn tó fún mi lẹ́jẹ̀ nígbà tó yá.

Mo ní láti yan irú ilẹ̀kùn tí mo fẹ́. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo aláìsàn jókòó tì pẹ̀lú dókítà, kó má ṣe jẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ léré lẹ́nu ọ̀nà. Oríṣi kan wà tí wọ́n fi ara ẹranko ṣe: ti ẹlẹ́dẹ̀, tí í ṣe ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ gan-an, àti ti màlúù, tí wọ́n gé lára awọ tó bo ọkàn rẹ̀. Kò gba oògùn títí ayé, àmọ́ ó máa ń gbó, bí ọdún 10 sí 15, lára ọ̀dọ́ ó sì máa ń tètè gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí kí wọ́n tún la àyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oríṣi kejì là ń pè ní onírin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú kan tí wọ́n sun tó fi le bí òkúta ni wọ́n fi ṣe awẹ́ méjèèjì. Ìyẹn lè sin èèyàn dọjọ́ ikú, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì sí i lára, nítorí náà oògùn warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, di dandan lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àfáà ni mo kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní ẹni tí kò rí òmíràn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, Ọlọ́run yọ̀ǹda fún un. Àmọ́ tí ti màlúù àti ti irin bá wà, kí la ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọmọ ló le jù. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ sì ní láti sọ ọ́ jáde kí wọ́n tó yan ilẹ̀kùn fún un. Mo ti bí mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi fẹ́ kí n bí sí i. Baba Ìbejì sọ fún un níṣojú mi pé, “Màámi, ìyá àwọn ọmọ mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ kó wà láàyè.” Mi ò gbàgbé rẹ̀. A yan ti irin, mo sì lọ ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Oṣù mẹ́rìnlá la fi wá owó. Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ kan ní Òmù-Àrán. Ẹgbẹ́ àwa olóúnjẹ gbé àjọ fún mi nígbà tí kò tíì kàn mí. Wọ́n gbá owó fún mi ní mọ́sálásí wa ní Jímọ̀ méjì. Bí a ṣe ń wá a ni mò ń lo oògùn ìtọ̀ tó ń fa omi kúrò lára mi, mo sì ń gba abẹ́rẹ́ penicillin lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin kí ọ̀fun dídùn mìíràn má baà tún wá fọwọ́ kan ọkàn náà.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Mo ní ọkàn ló ń ṣe mí, kì í ṣe eyín. Ó yọ méjì tó ti jẹrà, ó ní kòkòrò inú eyín jíjẹrà lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ tẹ̀dó sára ilẹ̀kùn tuntun. Dòní, bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan eyín mi, hóró amoxicillin 500mg mẹ́rin, oògùn tó ń pa kòkòrò, ni mo máa ń gbé mì papọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú.

Ìbàdàn la ti ṣe é. Mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ kan gba iṣẹ́ ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró ṣe, tí wọ́n sì dá ọkàn mi dúró kí wọ́n tó ṣí i. Egungun àárín àyà ni wọ́n fi ayùn là, wáyà irin ni wọ́n fi dì í padà. Wáyà náà ṣì wà nínú mi.

Ohun tí mo mọ̀ ni jíjí. Ohùn nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ gbọ́: “Ìyá Ìbejì, wọ́n ti ṣe é tán. Ẹ má sọ̀rọ̀, rọ́bà wà lọ́fun yín.” Ẹ̀rọ ló ń bá mi mí. Òùngbẹ tó ń gbẹ mí, mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ààwẹ̀ kankan. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mo bá fi ìka mi kọ “omi” sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó fi òwú tútù kan ètè mi. Títí tí mo fi kúrò ní yàrá yẹn, bó bá ti dé ẹnu iṣẹ́, ó máa ń na àtẹ́lẹwọ́ sí mi kí n kọ ohun tí mo fẹ́, kódà nígbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé mi dìde kí n rìn. Wọ́n fún mi ní ìrọ̀rí kékeré kan, wọ́n ní kí n gbá a mọ́ àyà bí mo bá fẹ́ wúkọ́, kí n sì wúkọ́ dáadáa kí omi má dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìrọ̀rí yẹn ló gbà mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí lọ́sàn-án láìnídìí. Mo rò pé aláìmoore ni mí. Dókítà ní ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, pé yóò lọ. Ó lọ lóòótọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tó bá ń tọ́jú aláìsàn mọ èyí, kí wọ́n má bá a wí.

Nígbà tí mo padà sí Ìlọrin, oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fọwọ́ kan omorógùn. Egungun àyà ń so pọ̀ bíi ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni, ríro àmàlà sì ń fà á láti ọ̀tún àti láti òsì. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 8, ló ń bá mi gbé garawa omi tó kéré jù. Oníbàárà kan ní kí n kàn “fọwọ́ kan án díẹ̀” kí àmàlà lè dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kó lọ jẹ tùwó.

Ilẹ̀kùn mi ń dún. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí aago ọwọ́. Nínú mọ́sálásí, tí gbogbo wa bá forí kanlẹ̀ tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń gbọ́ ọ. Ìyá kan béèrè pé níbo ni mo ti ra aago yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ warfarin àti ẹ̀fọ́, torí èmi tí mò ń tà á ni mo mọ bó ṣe le tó. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, INR ni wọ́n ń pè é. Ti ẹni tí kò lo oògùn máa ń wà ní nǹkan bí 1. Tèmi gbọ́dọ̀ wà láàárín 2.5 sí 3.5. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sára ilẹ̀kùn. Bó bá lọ sókè jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà níbi tí kò yẹ. Fítámì K sì ni ọ̀tá warfarin, ó sì pọ̀ nínú gbogbo ewé tútù: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, úgù, ewédú. Àwọn aláìsàn tí mo bá níbi àyẹ̀wò ní kí n má jẹ ewé mọ́ rárá. Oṣù márùn-ún ni mi ò jẹ ẹ́. Mò ń fi ìjábẹ̀ já ewédú fún àwọn ẹlòmíì, èmi ń fi ata lásán jẹ àmàlà. Nígbà tí òjò 2018 rọ̀ dáadáa, tí tẹ̀tẹ̀ di ọ̀pọ̀ lọ́jà Ìpàtà, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé mi gbé 1.7.

Dókítà kò bínú. Ó bi mí ní ohun tí mo jẹ, mo sọ òótọ́. Ó ní, “Ta ló ní kí ẹ má jẹ ẹ́? Ẹ máa jẹ ẹ́, àmọ́ kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà.” Láti ọjọ́ yẹn, ìpọnbẹ̀ kékeré kan ni mo yà sọ́tọ̀. Ìpọnbẹ̀ kan ẹ̀fọ́ tàbí ewédú lójúmọ́, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. A ń wọn oògùn sí oúnjẹ mi ni, a kò gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Nínú oṣù Ààwẹ̀, òdì kejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: n kì í lè jẹun púpọ̀, ewé a dín, ẹ̀jẹ̀ a rọ̀ jù. Ọdún tí dókítà kọ́kọ́ yọ̀ǹda kí n gbààwẹ̀, ó gbé 4.8 ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní báyìí, mo máa ń ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Ààwẹ̀. Ẹ̀yìn ìrun Iṣái ni mo ń lo warfarin mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ fún mi, nítorí náà ààwẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Bí mo bá gbàgbé ti àná, mi ò kì í lo méjì lónìí.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tó fẹ́ẹ̀ mú mi lọ ni 2020. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo rìn lọ sí kẹ́míìsì kan tí kò jìnnà sí búkà, mi ò sọ pé mò ń lo warfarin, òun náà kò béèrè. Ó fún mi ní ibuprofen, oògùn ìrora tí kì í bá warfarin rẹ́, pẹ̀lú oògùn mìíràn nínú ọ̀rá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, ó ń lẹ̀, orí ń yí mi. Baba Ìbejì gbé mi lọ. INR mi 6.2, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú mi. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Látìgbà yẹn, káàdì wà nínú àpò owó mi, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì: mo ní ilẹ̀kùn ọkàn àtọwọ́dá, mò ń lo warfarin. Bí ara bá ń ro mí, paracetamol ni, kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Mi ò gba gbẹ́rẹ́, mi ò ṣe hìjámà tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lára, mi ò mu àgbo ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí onítọ̀hún fẹ́ràn mi tó. Kì í ṣe pé mò ń tàbùkù àgbo. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú warfarin, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi dán an wò.

Obìnrin kan wà tí a jọ máa ń pàdé ní ibi àyẹ̀wò, ti irin ni tirẹ̀ náà. Wọ́n ṣe àdúrà fún un, wọ́n ní ó ti rí ìwòsàn, kó kó oògùn dànù. Kò pé oṣù méjì tó jí láàárọ̀ tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé, tí ẹnu rẹ̀ sì yí. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sára ilẹ̀kùn náà tó já lọ sí ọpọlọ. Ó wà láàyè, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ. Èmi náà gbàgbọ́ nínú àdúrà. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń gbé warfarin mì.

Ohun kan tún wà tí àwa ará ibí máa ń fi ṣeré: ibà. Bí ara bá ti gbóná, a ti mọ̀ pé ibà ni, a lọ ra oògùn. Ẹni tó ní ilẹ̀kùn àtọwọ́dá kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò lè ti wà lára ilẹ̀kùn náà, bí wọ́n bá sì ti fún un ní oògùn kòkòrò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó lè ṣòro láti mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ná.

Ní 2023, Kẹ́hìndé jí tó ní ọ̀fun ń dun òun. Ó ń gbóná, kò lè gbé itọ́ mì. Ìyá ọkọ mi ti ń po omi iyọ̀. Mo gbé ọmọ náà sórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, mo sọ ìtàn mi fún dókítà. Oògùn ọjọ́ 10 ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní ara òun ti yá, kí ló dé tí òun ṣì ń lo oògùn? Mo jókòó tì í láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ó fi lo hóró tó kẹ́yìn. Mo ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi, ẹ̀yìn ibi tí INR wà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta ata ní Ìpàtà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi, ọmọ ọdún 19. Wọ́n ti ní kó lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe. Ìyá ń bi mí ní èló, ó ń bi mí bóyá èèyàn ń jí. Ọmọ náà dákẹ́. Mo mú wọn wọ ẹ̀yìn búkà, mo ká híjáàbù mi sókè, mo fi àpá náà hàn án láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ń rí oorun sùn pẹ̀lú ohun tó ń dún yẹn?” Mo ní ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mò ń dùbúlẹ̀ kà á. Mo ní kó gbé etí wá. Ó gbé e, ó pẹ́ níbẹ̀ bíi ti dókítà àgùnbánirọ̀ yẹn.

Méjì-méjì ni mo máa ń ra ìwé mi. Mo fún un ní èyí tó kù, mo sì fi rúlà fa ìlà sí ojú àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Ìyá Ìbejì, wọn kò tíì ṣe é fún un o.” Mo bi ọmọ náà pé, “Abẹ́rẹ́ penicillin rẹ, ọjọ́ wo lo gbà á kẹ́yìn?” Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wò ó. Mo bá kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé: abẹ́rẹ́, kí a béèrè ní Mọ́ńdè.